Arère: Àbùdá Igi Rírọ̀ Kan àti Ìlò Rẹ̀ nínú Iṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ìfáàrà

Arère jẹ́ ọ̀kan lára àwọn igi gẹdú tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Pákó rẹ̀ ní àwọ̀ tí ó sún mọ́ ti eyín erin. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ó sì rọrùn láti là. Ohùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò dọ́gba lórí rẹ̀. Àwọn kan ń yìn ín pé kì í fún ayùn ní wàhálà. Àwọn mìíràn ń bú u pé oúnjẹ ikán lásán ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé rírọ̀ tí arère rọ̀ kì í ṣe àléébù fúnra rẹ̀: ibi tí a bá lò ó sí, àti bí a bá ṣe tọ́jú rẹ̀ kí a tó lò ó, ni yóò sọ bóyá owó ẹni gbé tàbí kò gbé.

A ó kọ́kọ́ wo orúkọ àti ìran igi náà, lẹ́yìn èyí a ó yẹ àbùdá pákó rẹ̀ wò. A ó wá fi ilé kan tí a ń kọ́ ní àdúgbò Fadikpe ní ìlú Minna, ìpínlẹ̀ Niger, ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí tí a fi yan Minna ni pé igi arère kì í hù níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibẹ̀. Pákó arère tí ẹnikẹ́ni bá rí ní Minna, ìrìn-àjò ni ó rìn dé ibẹ̀ láti inú igbó gúúsù. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́, kòkòrò àti ẹrù ti máa ń dán pákó wò jù.

Orúkọ àti ìran rẹ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún arère ni Triplochiton scleroxylon. Láàárín àwọn oníṣòwò gẹdú, orúkọ rẹ̀ pọ̀. Ní Nàìjíríà, obeche ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, orúkọ tí ó wá láti inú èdè Ẹ̀dó. Wawa ni wọ́n ń pè é ní Gánà, samba ni ní Côte d'Ivoire, ayous sì ni ní Kamẹrúùnù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyíkéyìí nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé kí ó mọ̀ pé igi kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí.

Inú ẹbí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malvaceae ni a pín arère sí. Àwọn ìbátan rẹ̀ nínú ẹbí yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá: òwú, ilá, kòkó, obì àti àràbà wà lára wọn. Ẹni tí ó bá mọ ewé òwú dáadáa yóò rí ìjọra nínú ewé arère, nítorí ewé náà fẹ̀, ó sì pín sí ìka márùn-ún tàbí méje bí àtẹ́lẹwọ́.

“Igi líle” tí ó rọ̀: ọ̀ràn ìtumọ̀

Ohun ìyanu kan wà nínú orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ arère. Láti inú èdè Gíríìkì ni apá kejì orúkọ náà ti wá: skleros ni “líle”, xylon sì ni “igi”. Igi tí èékánná lè fi àmì sí lára ni wọ́n sọ ní “igi líle”. Irú ìdààmú yìí kan náà ni a máa ń bá pàdé nígbà tí a bá ń túmọ̀ hardwood àti softwood sí Yorùbá.

Lójú onímọ̀ ewéko, hardwood kò túmọ̀ sí igi tí ó le, bẹ́ẹ̀ ni softwood kò túmọ̀ sí igi tí ó rọ̀. Ẹ̀yà igi ni wọ́n fi ń yà sọ́tọ̀. Igi tí ó ní òdòdó, tí ewé rẹ̀ sì fẹ̀, ni a kà mọ́ hardwood. Igi bíi páìnì, tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ tí kì í sì í so èso tí ó bo kóró mọ́ inú, ni a kà mọ́ softwood. Nípa báyìí, arère jẹ́ hardwood, ó sì tún rọ̀ ju ọ̀pọ̀ páìnì lọ. Igi balsa ti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ó fúyẹ́ ju arère lọ fíìfíì, jẹ́ hardwood pẹ̀lú.

Bí a bá wá túmọ̀ hardwood sí “igi líle” ní tààrà, a ó máa sọ pé “arère jẹ́ igi líle tí ó rọ̀”, gbólóhùn tí yóò dàrú mọ́ olùkà lójú. Ó sàn kí a lo “igi eléwé fífẹ̀” fún ẹ̀yà kìíní àti “igi eléwé abẹ́rẹ́” fún ẹ̀yà kejì, kí a sì fi “líle” àti “rírọ̀” sílẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ àti irinṣẹ́ bá rí lára igi. Èdè àwọn oníṣẹ́ igi gan-an ti ní ìpínsísọ̀rí tirẹ̀ tí ó bá ìlò mu: wọ́n máa ń bèèrè bóyá igi gbó tàbí kò gbó. Igi tí ó gbó ni igi tí ọkàn rẹ̀ ti dì, tí kòkòrò kò lè tètè jẹ. Ìbéèrè yìí wúlò fún ẹni tí ó ń kọ́lé ju ìbéèrè nípa ẹ̀yà ewé lọ.

Ìrísí igi náà àti ibi tí ó ń hù

Igi ńlá ni arère. Ó lè ga tó mítà 50, ìdí rẹ̀ sì máa ń ní àwọn ìhà pẹrẹsẹ tí ó nà jáde láti gbé e ró, bíi ti àràbà. Ara rẹ̀ máa ń gùn gbọọrọ láìní ẹ̀ka títí yóò fi dé òkè. Èyí ni ó mú kí ó wu àwọn tí ń la gẹdú, nítorí pákó tí ó gùn tí kò ní ojú ẹ̀ka ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ sì ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e kiri.

Láti apá Guinea ní ìwọ̀-oòrùn títí dé ilẹ̀ Kóńgò ni a ti ń rí i. Ní Nàìjíríà, agbègbè igbó gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni ilé rẹ̀: Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì, apá gúúsù Ọ̀yọ́, títí wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó. Kì í fẹ́ ilẹ̀ àbàtà, kì í sì í fẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn tí òjò rẹ̀ kò pẹ́. Ní agbègbè Minna, àwọn igi mìíràn ni ó gba ilẹ̀: igi òrí, igi igbá, apá tí àwọn Hausa ń pè ní kawo, àti madobiya. Apá àti madobiya jẹ́ igi tí ó wúwo tí ó sì gbó dáadáa. Fún ìdí èyí, oníṣẹ́ igi tí ó bá ti mọ́ lára láti máa lo irú àwọn igi ọ̀dàn bẹ́ẹ̀ lè fi ojú wọn wo arère, kí ó sì ṣì í lò.

Àbùdá pákó arère

Àwọn ìwọ̀n tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ ti pákó tí ó ti gbẹ dé ibi tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Igi kò dọ́gba, nítorí náà kí a mú wọn bí ìwọ̀n àárín.

Ìwúwo: kúbíìkì mítà kan arère wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 380. Ìrókò wọn nǹkan bíi 660, páìnì ilẹ̀ Yúróòpù sì wọn nǹkan bíi 550.

Líle ojú igi: ní ìdánwò Janka, níbi tí wọ́n ti ń wọn agbára tí yóò ti bọ́ọ̀lù irin wọnú igi, arère gba nǹkan bíi Newton 1,900. Ìrókò gba nǹkan bíi 5,600, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Agbára: bí a bá di ẹrù lé igi méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba títí wọn yóò fi kán, ẹrù tí yóò ṣẹ́ arère jẹ́ nǹkan bíi ìdá 70 nínú 100 èyí tí yóò ṣẹ́ ìrókò.

Súnkì: láti ìgbà tí igi bá tútù títí yóò fi gbẹ pátápátá, pákó arère máa ń sún kì ní nǹkan bíi ìdá 5.3 nínú 100 bí a bá là á ní ìbú, àti nǹkan bíi 3.1 bí a bá là á láti ẹ̀bá lọ sí àárín igi. Ìwọ̀n yìí kò pọ̀.

Ẹ kíyèsí ohun kan nínú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí. Bí a bá fi ìwúwo arère wé agbára rẹ̀, kò burú rárá: ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá 60 nínú 100 ti ìrókò, síbẹ̀ agbára rẹ̀ tó ìdá 70. Ibi tí ó ti rẹ̀yìn gan-an ni líle ojú rẹ̀. Ìyẹn ni pé arère lè ru ẹrù tí ó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò lè gba ìlù, ìfà àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Ní ti ìrísí, kò sí ìyàtọ̀ àwọ̀ tí ó hàn gbangba láàárín ọkàn igi àti apá òde rẹ̀. Èyí dára fún ẹwà, nítorí gbogbo pákó yóò bára mu. Ṣùgbọ́n ó tún léwu, nítorí ojú lásán kò lè sọ fún oníbàárà apá ibi tí wọ́n ti la pákó náà. Iṣan rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra: ìpele kan a yí sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e a yí sí òsì. Bí a bá là á láti ẹ̀bá lọ sí àárín, ìlọ́mọ́ra yìí yóò hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dán tí ó sì ń ṣú. Nígbà tí igi náà bá tutù, ó máa ń ní òórùn tí kò bá imú lára mu. Òórùn náà a lọ bí ó bá ti gbẹ.

Bí ó ṣe ń ṣe lábẹ́ irinṣẹ́

Arère kì í kú ayùn. Ayùn ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ ń là á kíákíá, ìfági sì ń fá a láìlo agbára púpọ̀. Síbẹ̀ irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú. Ẹni tí ó bá rò pé nítorí igi rọ̀, irinṣẹ́ kíkú náà tó, yóò rí i pé fọ́nrán igi ń fà ya dípò kí ó gé. Níbi tí iṣan bá ti lọ́ mọ́ra, kí a fá a díẹ̀díẹ̀, kí a sì dín bí abẹ ìfági ṣe yọ síta kù. Nígbà tí a bá ń fi irin ìgbẹ́gi dá ihò sí i, etí ihò lè rún bí irin náà kò bá mú.

Ìṣó ń wọ arère wẹ́rẹ́, igi náà kì í sì í sábà là nígbà tí a bá ń kàn án. Ṣùgbọ́n bí ìṣó ṣe ń yára wọlé ni ó ṣe ń yára jáde; igi rírọ̀ kò lè di ìṣó mú gírígírí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a lo àtè igi pẹ̀lú ìṣó, tàbí kí a lo ìṣó onílọ̀ọ́ tí ó gùn jù èyí tí a ó lò fún ìrókò. Àtè igi ń mú arère dáadáa, nítorí náà oríkèé tí a fi àtè dì lágbára ju èyí tí a fi ìṣó nìkan kàn lọ.

Ó ń gba ọ̀dà àti fáníṣì, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi ohun ìdíhò dí i kí a sì fi sáńpépà fá a, yóò mu fáníṣì bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, ojú rẹ̀ kò sì ní í dán. Nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ mọ́, a lè pa á láró kí ó jọ ọ̀gánwó. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti gbọ́dọ̀ lajú: àga tí ó jọ ọ̀gánwó tí ọwọ́ kan sì gbé sókè láìmí, ó yẹ kí a bèèrè irú igi tí ó wà lábẹ́ fáníṣì náà.

Omi inú igi àti ọyẹ́: àpẹẹrẹ láti Fadikpe

Igi kì í gbẹ tán láéláé. Ó máa ń gba omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń dá a padà, títí òun àti afẹ́fẹ́ yóò fi bára dọ́gba. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá tó ìdá 80 nínú 100, omi inú igi yóò dúró ní nǹkan bíi ìdá 16. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ sí ìdá 30, omi inú igi yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 6. Minna mọ àwọn ipò méjèèjì yìí láàárín ọdún kan ṣoṣo: òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé láti aṣálẹ̀, tí ètè ènìyàn yóò sì máa là.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ilé kan ní Fadikpe. Ká ní oníṣẹ́ igi ra pákó arère tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 300 ní oṣù kẹjọ, tí ó fi ṣe ojú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó sì kàn án mọ́ férémù rẹ̀ gírígírí. Bí omi inú pákó náà bá ti ìdá 16 lọ sí ìdá 6 nígbà ọyẹ́, pákó tí a là ní ìbú yóò sún kì ní nǹkan bíi mìlímítà 5. Èyí tí a là láti ẹ̀bá sí àárín yóò sún kì ní nǹkan bíi mìlímítà 3. Bí igi náà bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a rà á, súnkì rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Pákó tí a kàn mọ́ ojú kan láìfi àyè sílẹ̀ kò ní ibi tí yóò sún sí. Yóò là, tàbí kí ó fa ìṣó rẹ̀ tu.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìṣirò yìí. Èkíní, kí a to pákó jọ lábẹ́ òrùlé, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Arère máa ń yára gbẹ, kì í sì í sábà lọ́ tàbí là nígbà tí ó bá ń gbẹ, nítorí náà sùúrù tí ó ń béèrè kò pọ̀. Èkejì, kí a fi pákó sínú ilé ní ìlú tí a ó ti lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí a tó gé e sí ìwọ̀n. Ẹ̀kẹta, kí a fi àyè sílẹ̀ nínú oríkèé tí a bá fẹ́ fi pákó fífẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí yóò rí i pé arère jẹ́ igi tí ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan, nítorí bí ó ṣe ń sún kì kéré sí ti ọ̀pọ̀ igi mìíràn.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀

Arère kì í gbó bí ìrókò tàbí apá ṣe ń gbó. Ọ̀tá mẹ́ta ni ó ní. Ọ̀tá kìíní ni olú tíntìntín tí ojú lásán kò rí, tí ó máa ń sọ pákó tútù di aláwọ̀ búlúù láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a bá gé igi. Àwọ̀ náà kì í sábà dín agbára igi kù, ṣùgbọ́n ó ń ba ẹwà àti iye rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a la gẹdú arère kíákíá, kí a má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ nínú igbó.

Ọ̀tá kejì ni kòkòrò ajẹgi tí ń sọ inú igi di ẹ̀tù. Sítáàṣì tí ó wà nínú apá òde igi ni oúnjẹ rẹ̀. A óò rí ihò kéékèèké lójú pákó, lẹ́búlẹ́bú funfun a sì máa dà sílẹ̀ lábẹ́ àga tàbí ibùsùn. Ọ̀tá kẹta ni ikán, tí gbogbo ará ilẹ̀ ọ̀dàn mọ̀.

Òògùn wà fún wọn. A lè ri pákó tútù sínú omi tí a po bóráàsì àti ásíìdì bóríìkì mọ́, nítorí bóráàsì lè wọ inú igi tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí igi bá ti gbẹ, a lè fi òògùn igi olóròóró kùn ún. Ohun kan ni kí a rántí: apá òde igi arère ń mu òògùn dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í tètè gbà á. Fún ìdí èyí, òògùn tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kò lè sọ arère di igi tí a lè rì mọ́lẹ̀ bí òpó. Bí a bá sì tún pákó tí a ti kùn gé, ojú tuntun tí a gé yẹn ti ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò. Kí a tún un kùn.

Ibi tí ó yẹ àti ibi tí kò yẹ

Pẹ̀lú ohun tí a ti sọ, a lè to iṣẹ́ arère lẹ́sẹẹsẹ. Ó yẹ fún iṣẹ́ inú ilé tí kò kan ilẹ̀, tí òjò kì í pa, tí ènìyàn kì í sì í tẹ̀ mọ́lẹ̀: àjà ilé, ẹ̀yìn àti inú kọ́bọ́ọ̀dù, dúrọ́ọ̀, férémù àwòrán, igi ẹ̀ṣọ́ ara ògiri, àpótí, àti egungun àga tí a ó fi tìmùtìmù àti aṣọ bò. Ó yẹ fún pílíwúùdù pẹ̀lú, nítorí gẹdú rẹ̀ rọrùn láti bó yípo bí ẹni bó ọsàn. Ní Sàpẹ́lẹ́, ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood, tí ó jẹ́ ti UAC, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí, arère sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn igi tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbójú lé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń fi í ṣe ìjókòó inú yàrá ooru tí wọ́n ń pè ní sauna: igi fífúyẹ́ kì í tètè gbé ooru, arère kò sì ní oje tí yóò yọ́, nítorí náà kì í jó ara ẹni tí ó bá jókòó lé e. Wọ́n tún ń fi í ṣe ara gìtá oníná.

Kò yẹ fún òpó tí a rì mọ́lẹ̀, ilẹ̀ pákó, àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tábìlì tí a ń wọ́ kiri, ilẹ̀kùn ìta tí òjò ń pa, tàbí igi ńlá tí ó gbé gbogbo òrùlé ró. Ní ti àwọn igi kéékèèké òrùlé, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní 2×3, ewu méjì ló wà: àkọ́kọ́ ni ikán tí ń gba inú ògiri gòkè, èkejì sì ni ìṣó páànù tí igi rírọ̀ kò dì mú nígbà tí ìjì bá dé. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í ṣe eré ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Onílé Fadikpe tí ó bá fi arère ṣe òrùlé nítorí pé owó rẹ̀ dín lè wá fi ìlọ́po owó náà ṣe àtúnṣe. Kí ó fi owó igi tí ó gbó sí òrùlé, kí ó sì lo arère fún àjà abẹ́ rẹ̀, ọgbọ́n nìyẹn.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Yúróòpù fi ń mú arère jáde síta. Wọ́n á fi oru omi àti iná tí ó tó ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius yan pákó náà láìjẹ́ kí ó gbiná. Igi tí a yan báyìí a ṣókùnkùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ gba omi mọ́, kì í sì í tètè jẹrà. Wọ́n ń fi í bo ògiri ìta. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ a dín kù díẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ fi arère wé àwọn igi rírọ̀ tí àwọn agbẹ́gilére àti àwọn onílù Yorùbá ń lò, a ó rí ìlànà kan náà. Igi ọmọ, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko ń jẹ́ Cordia millenii, jẹ́ igi fífúyẹ́ tí wọ́n yàn fún ara ìlù nítorí pé ó rọrùn láti gbẹ́ nínú, ó sì ń dún dáadáa. Àwọn baba wa kò ka rírọ̀ rẹ̀ sí àbùkù. Wọ́n wo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, wọ́n sì yan igi tí ó bá a mu.

Eruku arère àti ìlera oníṣẹ́

Ewu kan wà tí a kì í sábà sọ. Ìwádìí ìṣègùn ti fi hàn pé eruku arère lè fa ikọ́ fée, imú yíyún àti ara yíyún fún àwọn tí ń fá a lójoojúmọ́. Ní ti eruku igi lápapọ̀, àjọ IARC, tí ó jẹ́ ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde ní 1995 pé ó wà lára àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá nínú imú. Nítorí pé arère rọrùn láti fá, eruku rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì fúyẹ́ tí ó fi ń pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Kí oníṣẹ́ bo imú rẹ̀, kí ó ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó wọ́n omi sílẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀. Ọmọṣẹ́ tí a fi sí ìdí gbígbálẹ̀ ni ó sábà ń jẹ ìyà eruku yìí jù.

Ọjọ́ iwájú igi náà

Igi tí gbogbo ayé ń fẹ́ tí a sì ń gé láìgbin òmíràn yóò tán. Gbígbin arère kò rọrùn bí gbígbin tíìkì tàbí mèlínà. Kì í so ní ọdọọdún. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá láàárín ìgbà tí ó bá so dáadáa kan àti òmíràn. Kòkòrò ń ba kóró rẹ̀ jẹ́, kóró tí ó bá sì kù kì í pẹ́ kí ó tó kú. Ìṣòro yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n fi hàn pé a lè gé ẹ̀ka kékeré lára igi ọ̀dọ́, kí a gbìn ín kí ó ta gbòǹgbò, bí a ṣe ń gbin igi ẹ̀gẹ́. Ọ̀nà yìí tún jẹ́ kí a lè yan igi tí ara rẹ̀ gùn gbọọrọ kí a sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀. Gbígbìn ni ó kù.

Àsọkágbá

Arère jẹ́ igi eléwé fífẹ̀ tí ó rọ̀, tí ó fúyẹ́, tí kì í sún kì púpọ̀, tí ó sì ń gba àtè àti ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò le, kò di ìṣó mú, kò sì gbó tó láti dojú kọ ikán àti òjò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí oníbàárà bi ara rẹ̀ kì í ṣe bóyá arère dára. Ìbéèrè mẹ́rin ni: ṣé pákó yìí ti gbẹ? Ṣé a ti fi òògùn sí i? Ṣé yóò kan ilẹ̀ tàbí òjò? Ẹrù mélòó ni yóò rù? Bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí bá ti tọ̀nà, ilé tí ó wà nínú igbó Oǹdó àti èyí tí ó wà ní Fadikpe lè lo igi kan náà láìkábàámọ̀. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a ti wo pákó dáadáa ní ojú ọjà, kí a tó gbé e lọ kàn mọ́ ilé.